Kóòsì Márùn-ún Nítorí Ìyàwó

Bí obìnrin kan bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù òun pin sí, kí ó fi ọkàn rẹ̀ fún ọkùnrin tí ó gbọ́n nínú ohun gbogbo àyàfi ohun tí ó kan ara rẹ̀. Ṣìkẹ́mi Ọláníyọnu kò wá ìmọ̀ yìí lọ. Adégbénró ni ó gbé e wá bá a lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, nínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì síwájú ilé-ìtajà oúnjẹ kan ní Pleasant Hill Road, ní Duluth, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ra iṣu àti ẹja gbígbẹ. Ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó ti tú bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ó di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni pé wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà.

"Ṣìkẹ́, wọ́n ti dá mi dúró."

Ibi iṣẹ́ ni Ṣìkẹ́mi kọ́kọ́ rò. Ọ̀gá kékeré ni Gbénró jẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Fairburn, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde tọ̀sán-tòru, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í lé ẹnì kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mi orí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún ọdún kan gbáko.

Nọ́ọ̀sì ni Ṣìkẹ́mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ láti gbọ́ ìròyìn búburú láìjẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà. Ó béèrè ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Ní sìmẹ́sítà ìgbà ìrúwé tí ó kọjá, GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, ti wálẹ̀ kọjá méjì, bẹ́ẹ̀ méjì ni ó kéré jù lọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lè gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi í sábẹ́ ìkìlọ̀ pé bí sìmẹ́sítà tí ó tẹ̀lé e kò bá dára, àwọn yóò dá a dúró. Agbani-nímọ̀ràn tí wọ́n yàn fún un ní kí ó mú kóòsì méjì péré, nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó jáde, ó sì lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún márùn-ún.

"Márùn-ún," ni Ṣìkẹ́mi wí.

"Márùn-ún."

"Lábẹ́ ìkìlọ̀."

"Mo rò pé bí mo bá kó wọn pọ̀, màá jáde ní oṣù Karùn-ún. Dádì ní…"

"Má tíì dárúkọ Dádì."

Wọn kò ra iṣu mọ́.

Ìgbà ooru ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n pàdé, ní Covington. Àwọn tí ń ya fíìmù ti dí ọ̀nà tí ó wọ àárín ìlú, wọ́n sì to ọkọ̀ àwọn ènìyàn sínú oòrùn bí ẹni to ẹja sórí àtẹ. Ìkómọjáde ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni Ṣìkẹ́mi ń lọ, ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ rẹ̀ sì ti kú láti àárọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà níwájú, ó kan gíláàsì rẹ̀, ó sì béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó wà lára àwọn òṣèré. Ṣìkẹ́mi fi Yorùbá dá a lóhùn pé bí òun bá jẹ́ òṣèré, ṣé inú iná yìí ni òun ìbá jókòó sí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ìkómọjáde kan náà ni òun náà ń lọ; òun ni wọ́n rán pé kí ó gbé kúlà pọ́fùpọ́fù kan wá. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà, kúlà náà kò kún mọ́.

Ó gbọ́n, ó ní ojú àánú, bí ènìyàn bá sì ń bá a sọ̀rọ̀, a gbọ́ ọ dé òpin. Gbogbo ohun tí Ṣìkẹ́mi fẹ́ lára ọkùnrin ni ó wà lára rẹ̀, àfi ìwé-ẹ̀rí tí kò béèrè. Ìwé-ẹ̀rí gan-an sì ni bàbá Ṣìkẹ́mi fẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu jẹ́ oníṣirò owó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó sì tún jẹ́ alàgbà ìjọ àti alága ìgbìmọ̀ ètò-ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Òun ni ó máa ń di makirofóònù mú ní oṣù Kẹfà ọdọọdún láti pe àwọn ọmọ ìjọ tí ó gboyè jáde síwájú pẹpẹ. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò tíì gboyè, ọmọdé ni, ìbáà ní irùngbọ̀n dé àyà. Nígbà tí Gbénró bẹ Aunty Bridget, àgbà obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, pé kí ó ṣe alárinà, Bàbá gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ó fún un ní mọ́ọ̀tì àti ṣínṣín, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ọmọ náà ti parí? Aunty Bridget ní ó kù díẹ̀. Bàbá ní bí díẹ̀ náà bá tán, kí ó padà wá.

Bóyá ọ̀rọ̀ ìbá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn tí ó gboyè, ní oṣù Kẹfà tí ó kọjá, Bàbá sọ fún gbogbo ìjọ pé òun kò ní fi ọmọ òun fún Ó-kù-díẹ̀, àti pé bí oṣù Kẹfà tí ń bọ̀ bá dé tí òun kò pe orúkọ ẹni náà, kí ọmọ òun máa wo ibòmíràn. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń bá wí. Gbénró wà ní ìlà kẹta, òun náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ó ti wà lábẹ́ ìkìlọ̀ nígbà náà, kò sì sọ fún ẹ̀dá kan.

Èyí tí ó dun Ṣìkẹ́mi jù ni ti oṣù Kẹwàá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń dá ọjọ́ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ju kóòsì sílẹ̀ kí ó má baà ba GPA rẹ̀ jẹ́. Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé márùn-ún ni ó mú, kò mọ̀ nípa ìkìlọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀ tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó rí i tí ó ń sùn lé àwo ọbẹ̀ lórí, ó sì ní kí ó ju mẹ́ta sílẹ̀. Gbénró ní ọkùnrin kì í sá lójú ogun. Ṣìkẹ́mi dá a lóhùn pé akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni ogun ń gbé lọ. Gbénró ní òun ti gbọ́. Ó fi ẹnu kò ó níwájú orí, ó sì padà sójú ogun rẹ̀. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó ti fìdí rẹmi.

Bí ó ti sọ fún Ṣìkẹ́mi tán ni ó sọ fún Uncle Nathaniel, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ó gbà á sílé nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà. Uncle Nathaniel gbọ́, ó sì béèrè bóyá àwọn tí ó dá a dúró kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ó ní kò sí ibi tí ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú Aunty Bridget, ó gbé kóòtù òtútù lé agbádá, wọ́n sì kọrí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tuntun.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bá nínú ọ́fíìsì náà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ó ní òfin kò gba òun láàyè láti bá ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ òbí rẹ̀. Uncle Nathaniel ti ṣáájú ìdílé ọkọ lọ sí ìdána tí ó pọ̀. Ó mọ̀ pé ìdílé ìyàwó kì í gbà lójú ẹsẹ̀. Wọn a ní àwọn kò mọ ẹni tí ó dé, wọn a ní kí ẹ padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Ó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sí ipò ìdílé ìyàwó. Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ọmọbìnrin náà rò pé ọkàn rẹ̀ ni ó dáwọ́ dúró. Kí Aunty Bridget tó rí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ áḿbúláǹsì ti dé, wọ́n ti ká apá agbádá sókè, wọ́n sì ti wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó ga ní tòótọ́. Wọ́n ní àfi bí ẹnì kan nínú ẹbí bá dé kí àwọn tó jẹ́ kí ó máa lọ.

Ẹnu iṣẹ́ ni Ṣìkẹ́mi wà nígbà tí Aunty Bridget pè é. Ó bá Uncle Nathaniel lórí àga, ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣì wà lápá rẹ̀, kò sì sí ìtìjú kankan lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé wọ́n ti gbà?"

"Wọn ò gbà, sà."

"Wọ́n máa gbà. A ò tíì bẹ̀bẹ̀ tán ni."

Aunty Bridget ní ọmọbìnrin yẹn kò rí ẹ̀kọ́ ilé gbà. Àgbà tí ó tó bàbá rẹ̀ í bí wà nílẹ̀, fóònù ni ó ń tẹ̀. Ṣìkẹ́mi kò dá sí i. Ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ẹni tí ó sọ fún un ohun tí ó lè sọ fún gbogbo ayé: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ó tó di ọjọ́ Ajé, ohun méjì péré ni ìgbìmọ̀ yóò sì bi í. Kí ni ó fa ìṣubú náà? Kí ni ó ti yí padà láti ìgbà náà? Ṣìkẹ́mi dúpẹ́. Gbogbo àwọn tí ó wà ní yàrá yẹn ni ó ń bínú sí ara wọn. Gbénró, tí kò sí níbẹ̀, ni òun ń bínú sí.

Lọ́jọ́ kejì, ní ilé-ìkàwé Duluth, Gbénró ka ohun tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà sí i létí. Ẹ̀bẹ̀ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kí wọn, ó yìn wọ́n, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, ó sì ṣèlérí pé òun yóò túbọ̀ ṣiṣẹ́ kára.

"Ta ló sọ fún ọ pé o ò ṣiṣẹ́ kára?" ni Ṣìkẹ́mi béèrè. "Iṣẹ́ ló ń pa ọ́ lọ. Wọ́n ní, kí ló fà á?"

Gbénró wo tábìlì. Ó ní òun kò lè sọ fún àjèjì pé bàbá ìyàwó òun ni ó dá ọjọ́ fún òun. Ẹ̀gàn ni yóò jẹ́ fún Dádì.

"Kí ló wá yí padà?"

Kò sí ohun tí ó yí padà. Oṣù Kẹfà ṣì ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà á padà lọ́la, márùn-ún náà ni yóò tún kó.

Ṣìkẹ́mi wò ó, ó wo ọrùn rẹ̀ tí ó ti rù, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè fún ìgbà àkọ́kọ́ bóyá òun lè gbé pẹ̀lú èyí títí ọjọ́ alẹ́. Kì í ṣe ìjákulẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ni ó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí ó lè jókòó níwájú rẹ̀ láti ìgbà ooru títí di ìgbà òtútù, tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ilé sì ń jó lẹ́yìn rẹ̀, kí ni kò tún ní lè fi pamọ́? Lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé ńkọ́? Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́?

"Bí mo bá ti sọ fún ọ," Gbénró ní, bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí ó ń rò, "ṣé o ò ní lọ?"

"O ò bi mí. O bá mi dáhùn, o sì gba ìdáhùn náà gbọ́." Ó dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀. "Má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹni tó yẹ kó yí padà, mo ń lọ bá wọn."

Ìyá Ṣìkẹ́mi wà ní Houston, níbi tí ó ti ń wẹ ọmọ tuntun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nítorí náà Bàbá ni ó ń dáná fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń fi ọlá ńlá àti ìmọ̀ kékeré ṣe. Ẹyin ni ó ń dín lówùúrọ̀ Sátidé yẹn. Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde. Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá kò yíjú kúrò lára páànù. Ó ní òun ti gbọ́ ti áḿbúláǹsì. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ nínú ìjọ? Ó ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kí ó dúpẹ́ pé ó tètè hàn.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ ní kó sáré. Ó sáré, ó ṣubú. Ẹ tún wá ń bínú pé ó ṣubú."

"Èmi ni mo ní kó mú márùn-ún?"

"Ẹ ní oṣù Kẹfà, sà. Ẹ sọ ọ́ sínú makirofóònù."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú gbogbo ìjọ, ṣé kí n wá kó o jẹ?"

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kó wo ẹ̀yìn. Ó wò ó, ẹ̀yin ló rí níbẹ̀, kò sì gbà láti dárúkọ yín. Ó ní ẹ̀gàn ni fún yín. Kàkà kó dárúkọ yín, ó fẹ́ kí wọ́n lé òun, sà."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí páànù. Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ níbi yìí, bàbá òun yóò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, nítorí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò dákẹ́.

"Mi ò ní sá lọ fẹ́ ẹ. Mi ò ní gba ẹ̀yìn yín lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù. Inú ilé yìí ni màá jókòó sí, Dádì. Ní gbogbo oṣù Kẹfà, bí ẹ bá ń múra láti lọ pe orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, èmi lẹ ó máa bá nínú pálọ̀."

Bàbá ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó fi sísá halẹ̀ mọ́ òbí. Èyí tí yóò fi jíjókòó halẹ̀, kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ẹyin náà jóná níṣojú àwọn méjèèjì. Ó pa iná, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Kóòsì mélòó ni wọ́n ní kó mú?"

"Méjì, sà."

"Méjì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó tọ́ ohun kíkorò wò. "Ìgbà wo ni yóò wá parí?"

"Yóò pẹ́, sà."

Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù, ó sì dá a padà sójú. "Sọ fún un kó kọ ọ́ bó ṣe rí. Kó kọ ọ́ pé bàbá ìyàwó òun ló dá ọjọ́ fún òun, àti pé bàbá ìyàwó òun ti mú ọjọ́ náà kúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó fún wọn ní nọ́ńbà mi."

Ṣìkẹ́mi gbọ́ bàbá ìyàwó, ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ yí padà.

"Àwọn ẹbí rẹ̀ ńkọ́, sà? Ọjọ́ wo ni kí wọ́n wá?"

"Èmi kò tún dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́." Ó ti dìde, ó ń fi ìbínú họ ẹyin jíjóná kúrò nídìí páànù. "Ìwọ ni kó o dá a. Bí o bá ti ṣe tán, kí wọ́n máa bọ̀."

Gbogbo rẹ̀ ni Ṣìkẹ́mi sọ fún Gbénró, àfi èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí. Gbénró kọ ọ́ bí ó ti rí, láìbẹ̀bẹ̀, láìyìn ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ gbà á padà: kóòsì méjì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì ṣì wà lábẹ́ ìkìlọ̀. Uncle Nathaniel ní ẹ̀bẹ̀ òun ni ó ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ní agbára láti bá a jiyàn. Aunty Bridget ń pe Ṣìkẹ́mi lemọ́lemọ́ láti béèrè ohun tí Bàbá wí. Ṣìkẹ́mi a ní kí ó ṣe sùúrù. Obìnrin náà ní alárinà kò rí irú èyí rí, pé kí ọmọbìnrin mọ̀ọ́mọ̀ dí ọ̀nà fún ara rẹ̀.

Kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Kì í ṣe ìbúra ni ó ń dúró dè. Gbénró ti búra tán, ó ti sọkún, ó ti ní òun kò tún ní fi nǹkan kan pamọ́ láé, ó sì dá a lójú pé òótọ́ inú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ inú rẹ̀ náà ni ó fi mú kóòsì márùn-ún. Ohun tí ó ń dúró dè kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè béèrè fún. Àfi kí ó wá fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kejì, ó wà ní yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì, ìrẹsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, nígbà tí fóònù dún.

"Ṣìkẹ́, mo gba ogójì."

"Ogójì nínú kí ni?"

"Nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdánwò àkọ́kọ́."

Ṣìkẹ́mi di ojú. Ogójì. Kóòsì méjì péré, ogójì. Ìbínú gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, tòun ti gbogbo ohun tí ó ti ń gbé mì láti ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ó sì ti la ẹnu kí ó tó gbọ́ bí ohùn ọkùnrin náà ti ń gbọ̀n.

"Ìgbà wo ni wọ́n fún ọ?"

"Ìsinsìnyí. Mo ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè."

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó wò ó, ó sì jáde padà. Ṣìkẹ́mi kò mọ bí ojú òun ti rí.

"Olùkọ́ náà ti lọ?"

"Rárá, ó ń kó ẹrù rẹ̀."

"Padà wọlé lọ bá a. Bi í níbi tó o ti ṣìnà."

"Ṣé inú ń bí ọ?"

"Ó ń bí mi gan-an ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Bó o bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán, kó o pe Uncle Nathaniel. Sọ fún wọn pé kí àwọn àti Aunty Bridget wá rí Dádì ní Sátidé."



"Sátidé wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí. Wọlé, Gbénró, kí olùkọ́ náà tó lọ."